Orin oníjó tó ń mú àárò wá: báwo lẹ ṣe ń tò ó tí ìbànújẹ́ rẹ̀ kò fi ní sọnù sínú ìlù?

Akọrin Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà.

Àwo orin kan ni mò ń tò lọ́wọ́, orin 10, orin oníjó tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ páàtì. Èyí tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe ni Behaviour, àwo tí ẹgbẹ́ akọrin Gẹ̀ẹ́sì Pet Shop Boys gbé jáde ní 1990: ìlù ń lọ, ẹsẹ̀ ń mì, síbẹ̀ ọkàn olùgbọ́ wà níbòmíràn. Èdè Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ tèmi. Irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni FL Studio (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to orin), Surge XT (synth inú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni), kíbọ́ọ̀dù kékeré kan, máìkì condenser kan àti hẹ́dífóònù.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Ní 95 BPM (iye beat nínú ìṣẹ́jú kan), orin náà wọni lára dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣeé jó. Bí a bá sún un sí 124, ìbànújẹ́ á fò lọ, ó di orin ìpolówó ọṣẹ. Am, F, C, G ni kọ́ọ̀dù (nóòtì tó jọ ń dún papọ̀) tí mò ń lò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá fi reverb (ìró tó ń fà bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) sí ohùn kí ó lè jìnnà réré, ọ̀rọ̀ kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tó sì burú jù ni pé bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin tí mo ti kọ́kọ́ ṣe, ọ̀rọ̀ náà á máa yí padà di nǹkan mìíràn lẹ́nu akọrin.

Nọ́ńbà gan-an ni mo ń fẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ pé "kí ó sáà ti inú ọkàn wá".

Bàbá Dùùrù

Ẹ má fọwọ́ kan BPM yẹn mọ́. Láàrin 120 sí 124 ni kó wà. Inú kọ́ọ̀dù àti inú ohùn ni ìbànújẹ́ irú orin yìí ń gbé, kì í gbé inú ìlù. Iṣẹ́ ìlù ni pé kó máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ Missing ti Everything But The Girl ní ẹ̀dà méjèèjì. Ní 1994 ó jáde gẹ́gẹ́ bí orin jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rìn. Todd Terry, DJ ará Amẹ́ríkà, wá mú ohùn Tracey Thorn, ó gbé ìlù house sí i lábẹ́, orin kan náà sì dé ipò kejì lórí Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ ohùn obìnrin náà kò dín kù. Kódà ó pọ̀ sí i, torí pé ìlù tó ń lọ láìbojúwẹ̀yìn ń jẹ́ kí ẹni tó dúró sójú kan hàn kedere.

Kọ́ọ̀dù yín gan-an ló níṣòro. Am, F, C, G, tí gbogbo nóòtì ń fò papọ̀, etí gbogbo ayé ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ gbìyànjú èyí dípò rẹ̀: ẹ di C, E, G mú ní àárín kíbọ́ọ̀dù (FL Studio ń pe C àárín ní C5, kì í ṣe C4, kí ẹ má baà kọ ọ́ sísàlẹ̀ jù). Ẹ má gbé nóòtì mẹ́ta yẹn kúrò lójú kan fún bar 8 (beat mẹ́rin ni bar kan). Báàsì nìkan ni kó rìn: A fún bar 2, F fún 2, D fún 2, C fún 2.

Lórí A, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni Am7. Lórí F, ó di Fmaj9 tí nóòtì kẹta rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bí akọrin bá sì kọ A sí ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló máa parí kọ́ọ̀dù náà. Lórí D, C á di ìkeje, E á di ìkẹsàn-án, G á di ìkọkànlá. Kò sí F níbẹ̀ tí yóò sọ bóyá minor ni tàbí major, nítorí náà orin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde. Bar 2 yẹn ni àárò náà wà. Nígbà tí báàsì bá dé C, ara á tù ú díẹ̀, kó tó tún padà sí A.

Ẹ má fi E major padà sí Am. G# inú rẹ̀ ń sọ fún olùgbọ́ pé kó sunkún báyìí, ó sì ti pọ̀ jù nínú fíìmù.

Nípa báàsì: A ní 55 Hz, D ní 73.4, C ní 65.4. F tó wà ní 43.7 Hz kì í jáde nínú sípíkà kékeré, ẹ gbé òun nìkan lọ sí 87.3. Bí ìfò yẹn bá ń dá etí yín lóró, ẹ jẹ́ kí báàsì kọ F yẹn ní kúkúrú, lẹ́ẹ̀mejì nínú bar kan, dípò kó fà á gùn.

Pad (ohùn synth tó ń fà lẹ́yìn orin): saw oscillator (orísun ìró inú synth) 2, kí ẹ yọ ọ̀kan sókè ní cent 7 (cent jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún semitone), kí ẹ yọ ìkejì sísàlẹ̀ ní cent 7. Low-pass filter (tó ń gé ìró òkè) ní 700 Hz níbẹ̀rẹ̀, kó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí dé 2,500 Hz láàrin bar 16. Attack (àkókò tí ìró fi ń wọlé) 400 ms, release (àkókò tó fi ń kú) nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ wá fi LFO (ìgbì jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń mi nǹkan) kan tó ń rìn ní 0.15 Hz mú kí pitch máa yẹ̀ ní cent 3 tàbí 4. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí Pet Shop Boys fẹ́ ṣe Behaviour, Munich ní Jámánì ni wọ́n lọ, lọ́dọ̀ Harold Faltermeyer, nítorí ó mọ synth analog lámọ̀dunjú. Synth analog kì í dúró sójú kan: bó ti ń gbóná ni ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí ènìyàn sì ń gbọ́ ọ bí ohun ẹlẹ́mìí. Ti kọ̀ǹpútà máa ń le gbagidi àyàfi bí ẹ bá dá ìyẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún un. Kó má kọjá cent 6 o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dà bí ẹni pé fáìlì náà ti bàjẹ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi EQ (ohun tó ń gbé ìró kan sókè tàbí tó ń gé e) gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 200 Hz nínú pad. Ilé báàsì àti kick (ìlù ńlá ìsàlẹ̀) nìyẹn.

Kick Mẹ́rin

Mo fara mọ́ Bàbá Dùùrù lórí BPM, àmọ́ "bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀" yẹn ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Ìlù tí ẹ bá kàn fà jáde láti inú àpò sample páàtì á pa orin yín.

Kick kọ́kọ́. Ẹ tún un ṣe sí A, 55 Hz, kó sì kú láàrin 200 sí 250 ms. Ní 120 BPM, kick kan sí èkejì jẹ́ 500 ms, ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo kí báàsì lè rí àyè mí. Kick tó gùn tó 450 ms á jẹ báàsì run, ẹ ó sì máa rò pé báàsì ni kò lágbára, ẹ ó máa gbé e sókè, títí gbogbo orin á fi di ẹrẹ̀.

Ẹ yọ clap (ìró àtẹ́wọ́) onílọ̀ọ́po mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń tò yẹn kúrò. Ẹ fi rim (ìró etí ìlù) kan ṣoṣo tàbí snap (ìró ìka títa) rọ́pò rẹ̀ lórí beat 2 àti 4, kó lọ sílẹ̀ ju kick lọ ní dB 8 sí 10. Hi-hat (ìró síńbálì kékeré) tó ṣí, lórí "àti" láàrin beat, ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé ní tòótọ́. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ lè yọ gbogbo nǹkan yòókù, àwọn ènìyàn á ṣì máa jó. Ẹ fi swing (ìfì díẹ̀ kúrò lójú ìlù gan-an) 54 sí 56 nínú ọgọ́rùn-ún sí hat kékeré, kí ó má le jù.

Sidechain (kí kick máa tẹ pad rì nígbà tó bá dún) ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní FL Studio: ẹ fi kick sí mixer track 1, pad sí track 2. Ẹ tẹ track 1 kí ó mọ́lẹ̀, ẹ wá fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ọfà kékeré tó wà lábẹ́ track 2, ẹ yan "Sidechain to this track". Ẹ fi Fruity Limiter sí orí track 2, ẹ yí i sí COMP, ẹ yan nọ́ńbà kick nínú àpótí SIDECHAIN. Ratio 4:1, attack kékeré jù lọ, release 180 ms. Ẹ sọ threshold (ibi tí ìtẹ̀rì ti ń bẹ̀rẹ̀) kalẹ̀ títí pad á fi máa rì ní dB 3 sí 4 nígbàkigbà tí kick bá dún.

DB 3 sí 4 ni mo wí. Bí ẹ bá jẹ́ kó rì ní dB 10, pad á máa mí hẹlẹhẹlẹ, orin náà á di ti gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Bí release bá sì kọjá 450 ms, pad kò ní rí ìgbà kankan padà sókè kí kick kejì tó dé. Ohùn rẹ̀ á kàn kéré lásán, ẹ kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa breakdown (ibi tí ìlù ti ń dá díẹ̀): bar 8 tó. Ẹ yọ kick, ẹ fi hat sílẹ̀ kó máa lọ pẹ̀lú pad. Kò sí riser (ìró tó ń gòkè láti kéde pé ìlù ń bọ̀), kò sí snare roll (ìlù tó ń sáré). Kí kick kàn padà lórí beat 1 wẹ́rẹ́. Riser ń ṣèlérí ayọ̀ fún olùgbọ́, orin tiyín kò sì ní ayọ̀ tí yóò fi san gbèsè yẹn.

Ìyá Ègbè

Àbúrò, ti ọ̀rọ̀ ni kí n mú, torí àwọn tó ṣáájú kò kàn án.

O ní o ti ṣe ohùn orin kí o tó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Kò lè ṣàìrí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ohùn sísọ wọn kò ní dọ̀, re, mí. Ìwọ, ọ̀rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kí o tó wá nóòtì fún un. Lórí C, E, G tí Bàbá Dùùrù fún ọ, nóòtì mẹ́ta tó: A fún ohùn ìsàlẹ̀, C fún àárín, E fún òkè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá báàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu, o kò ní rí ìjà kankan.

Mú ìlà yìí: "Ilé ti dákẹ́ látàná." I-lé ti dá-kẹ́ lá-tà-ná. Àárín, òkè, àárín, òkè, òkè, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ìyẹn ni C E C E E E A, tó wá kan òkè ìgbẹ̀yìn. Má fi E sí ìgbẹ̀yìn yẹn, C ni kó jẹ́. Ohùn òkè tó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í padà dé ibi tí òkè àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ sísọ wa, bí gbólóhùn bá ti ń lọ sópin ni gbogbo rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀. A sí C ṣì ń gòkè, nítorí náà "àná" kò sọnù. Bákan náà, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ti ní àárò nínú. Ọ̀fẹ́ ni èdè fún ọ.

Sílébù 8 nìyẹn. Ní 122 BPM, nóòtì kan lórí ìdajì beat jẹ́ nǹkan bíi 246 ms, ìlà náà á gba bar kan gééré. Jẹ́ kí bar tó tẹ̀lé e ṣófo pátápátá. Má kì í kún.

Òfin rẹ̀ kò le: bí ohùn ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, bí ó bá sọ̀kalẹ̀, orin kò gbọ́dọ̀ gòkè. Bó bá dúró sójú kan, o lè fara dà á níbi tí gbólóhùn yòókù bá ti là á yé ni. Ibi tí ó ti ń léwu jù ni ọ̀rọ̀ kékeré. "Aṣọ rẹ ṣì wà lára ògiri": C C C A A E C A C C. Bí o bá jẹ́ kí nóòtì kẹta já sí A nítorí pé ó dùn bẹ́ẹ̀, ó ti di "aṣọ rẹ̀". Ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ti kúrò nínú orin, ẹlòmíràn ti wọlé, gbogbo ìtàn náà ti yí padà, ìwọ gan-an lè má fura.

Ohun kan náà ni ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe ń fà. Retune speed 0 máa ń sọ gbogbo sílébù di pẹpẹ, ohùn òkè tó tẹ̀lé ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yọ́ gòkè kí etí wa tó gbà á. Fi sí 40 sí 60 ms.

Ní ti ohun tí wàá sọ: má kọ "inú mi bàjẹ́". Gbé ilé kalẹ̀, gbé aṣọ kalẹ̀, kí o dákẹ́. Wo bí wọ́n ṣe ṣe Being Boring nínú àwo tí o dárúkọ yẹn. Ẹsẹ kan lọ sí àkókò àtijọ́, ọ̀kan sí 1970 lọ sókè, ìkẹta sí 1990 lọ sókè, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ kan kò ti sí mọ́. Ègbè kò yí padà, àmọ́ nígbà tó bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ti wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí àlàyé, àkókò ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: "ilé ti dákẹ́ látàná" nínú ẹsẹ kìíní kí ó jẹ́ pé àwọn àlejò ìgbéyàwó ti lọ, nínú ẹsẹ kẹta kí a mọ̀ pé òkú ni wọ́n sin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ijó àti ẹkún kò lè wà nínú orin kan ní ilẹ̀ wa, rán an lọ sí agbègbè Ọ̀yọ́, kó lọ béèrè ẹkún ìyàwó. Ọjọ́ ayọ̀ ni, ìyàwó ń lọ ilé ọkọ, ẹkún ló sì ń sun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè é.

Ọmọ Àyàn

Ẹ ṣeun mà. Àfikún kékeré, nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń bọ̀: bí ẹ bá fẹ́ fi gángan sí i, ẹ má jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ nígbà tí akọrin ń kọrin. Gángan ń fọhùn, ẹnu náà ń fọhùn, etí Yorùbá á máa gbìyànjú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní gbọ́ ọ̀kankan. Bar òfo tí Ìyá Ègbè ní kí ẹ fi sílẹ̀ ni ibi tí ó ti yẹ ẹ́. Kí ó dáhùn níbẹ̀, ìlà kan pere, kó sì dákẹ́.

Àti pé gángan tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú sample kò ní bá kíì (ìdílé nóòtì tí orin wà) yín mu. Ẹ má na pitch rẹ̀ kọjá semitone 2, awọ rẹ̀ á máa dún bí rọ́bà. Ó sàn kí ẹ gbé orin náà lọ sí B minor tàbí G minor láti bá a mu.

Bàbá Dùùrù

Òótọ́ ni ti gángan. Bí ọ̀rọ̀ fáólìnì náà ṣe rí nìyẹn. Nínú Behaviour, kì í ṣe gbogbo orin ló ní fáólìnì. Balanescu Quartet wà nínú My October Symphony, Angelo Badalamenti sì to ti orin méjì mìíràn. Jìtá Johnny Marr pàápàá, orin díẹ̀ ló wà. Ohun tí a kò fi síbi gbogbo ni etí ń kíyè sí nígbà tó bá dé. Ẹ yan orin 2 nínú 10 tí yóò ní nǹkan tí a fi ọwọ́ ta, ẹ jẹ́ kí yòókù jẹ́ ẹ̀rọ pọ́ńbélé.

Akọrin Òru

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbé C, E, G yẹn kalẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó ku ti reverb àti ohùn. Ariwo kan tún wà lábẹ́ ohùn tí mo gbà, ó ń dún "hùùn" láìdáwọ́dúró, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

Alátẹ Ohùn

"Hùùn" yẹn ni 50 Hz iná ọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní 100 àti 150 Hz. Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà láǹtópù kúrò, kí ẹ gba ohùn lórí bátìrì. Lọ́pọ̀ ìgbà ìyẹn ti tó. Bí kò bá tó, ẹ wò ó bóyá ìnáfésì (àpótí tí a ń so máìkì mọ́) àti láǹtópù wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n jọ wà lórí extension kan. Fáànù ní láti kú, fíríìjì tó wà nítòsí náà ní láti kú. Ohun tó bá ṣẹ́kù, high-pass (tó ń gé ìró ìsàlẹ̀) ní 90 Hz á gé 50 kúrò, notch (ìgé ojú kan ṣoṣo) tó tín-ín-rín ní 100 àti 150 á pa ìyókù. Ẹ má gé notch kọjá 150 o, ara ohùn ọkùnrin ló wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gbà á: máìkì sí ẹnu, sẹ̀ǹtímítà 15, pop filter láàrin, kí akọrin kọ ọ́ ní ohùn kékeré bí ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Irú orin yìí kò fẹ́ igbe. Bí akọrin bá pariwo, compressor (ẹ̀rọ tó ń tẹ ìró tó ga wálẹ̀) kankan kò lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. 24-bit, kí ibi tó ga jù máa wà láàrin −10 sí −6 dB. Aṣọ ìbora tó nípọn lẹ́yìn akọrin ṣe pàtàkì ju èyí tó wà lẹ́yìn máìkì lọ, torí ohùn tó ta padà láti ara ògiri ẹ̀yìn ni máìkì ń kó wọlé.

Nísinsìnyí, reverb. Ẹ gbé e kúrò lórí ohùn fúnra rẹ̀, ẹ fi í sí send (ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí a ń fi díẹ̀ lára ohùn ránṣẹ́ sí). Decay ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Pre-delay (ìdádúró kí reverb tó bẹ̀rẹ̀) ni ohun tí ẹ kò fi sí i: 60 ms. Láàrin 60 ms yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, k, t, gb, ṣ, á ti jáde ní gbígbẹ kí òjìji rẹ̀ tó dé. Pre-delay 0 ni ó ń jẹ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ fi EQ sí ẹ̀yìn reverb náà: gé abẹ́ 350 Hz, gé òkè 6 kHz. Ẹ ó rí i pé ohùn jìnnà síbẹ̀ ó súnmọ́ni.

Bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ kó jìnnà sí i, ẹ má fi reverb kún un. Ẹ lo delay (ìró tó ń tún ara rẹ̀ sọ) ní beat ìdajì pẹ̀lú àmì (ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin beat), tó jẹ́ 369 ms ní 122 BPM, lórí sílébù ìgbẹ̀yìn ìlà nìkan. Ẹ fi automation (ìyípadà tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀) ṣí send náà fún sílébù yẹn, kí ẹ tì í padà. "Látàná… ná… ná." Bar òfo ni yóò dún sí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí gbogbo ìlà, ìró "ná" ti òkè á ṣubú lé ohùn ìsàlẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó sì tún padà sí ìṣòro tí Ìyá Ègbè ṣàlàyé.

Compressor lórí ohùn: 3:1, attack 15 ms, release 90 ms, dB 4 tàbí 5 kó máa wálẹ̀. Ẹ yọ dB 2 ní 300 Hz bó bá ń dún bí ẹni pé ó wà nínú kòkò. Lẹ́yìn náà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ lọ sí pad, kì í ṣe sí ohùn, kí ẹ yọ dB 3 láàrin 2 sí 4 kHz. Ibẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì ń gbé. Ẹ kò ní nílò láti gbé ohùn sókè mọ́.

Kick Mẹ́rin

Kí ẹ tó pè é ní tán, ẹ gbọ́ ọ ní mono (ọ̀tún àti òsì papọ̀ di ọ̀kan). Pad tí ẹ yọ cent 7 sókè, cent 7 sísàlẹ̀, tí ẹ sì tẹ́ sí ọ̀tún àti òsì, lè pa ara rẹ̀ jẹ nínú sípíkà kan ṣoṣo. Bó bá ń sọnù, ẹ fa fífẹ̀ rẹ̀ wá sí ìdajì. Ẹ tún gbọ́ ọ lórí fóònù: sípíkà fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó wà lábẹ́ 200 Hz, nítorí náà báàsì yín á parẹ́. Ẹ fi saturation (ìhó díẹ̀ tó ń bí ìró òkè) díẹ̀ sí i kí 110, 165 àti 220 Hz lè jáde lórí A yẹn, etí á fúnra rẹ̀ parí 55 tó kù.

Alátẹ Ohùn

Ó ku bí ẹ ó ṣe to orin 10 náà tẹ̀léra. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn wà ní 122. Ẹ jẹ́ kí 6 wà láàrin 118 sí 124, kí 3 wà ní nǹkan bíi 100 sí 108, kí ọ̀kan má ní ìlù rárá. Èyí tí kò ní ìlù, ẹ má gbé e sí ìparí, ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbé e sí. Ipò kẹrin tàbí ìkárùn-ún ló yẹ ẹ́, kí kick orin tó tẹ̀lé e lè ní ìtumọ̀.

Ẹ ṣọ́ kíì náà. Orin 10 nínú A minor á sú ni. A minor sí F minor tààrà á dún bí ẹni tó ṣi ilẹ̀kùn mìíràn wọ̀. A minor sí D minor kò ní fì yín rárá. Ẹ fi àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 3 sáàrin orin, kí ẹ pinnu ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má fi software yan án.

Mastering (àṣeparí gbogbo orin): ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Spotify ń gbé orin gbogbo sí nǹkan bíi −14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó), nítorí náà èyí tí ẹ tẹ̀ dé −7, wọ́n á kàn gbé e wálẹ̀, ẹ ó sì ti pàdánù ìyàtọ̀ láàrin breakdown àti ìpadàbọ̀ kick. −11 sí −10 dára fún èyí tó yára, −14 sí −13 fún èyí tí kò ní ìlù. True peak (ibi tó ga jù lọ nínú ìró) −1 dB. Ẹ má to gbogbo orin sí nọ́ńbà kan náà: orin tí kò ní ìlù tí wọ́n gbé dé −10 á máa pariwo ju àwọn tó yí i ká lọ, ohùn akọrin á sì dà bí ẹni tó fi ẹnu kan etí.

Ẹ kó o jáde ní WAV 24-bit, 44.1 kHz. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà trial FL Studio lẹ ń lò, ẹ rántí pé ó máa ń gbà kí ẹ tọ́jú project, àmọ́ kò ní gbà kí ẹ ṣí i padà títí ẹ ó fi sanwó. Ẹ kó gbogbo track jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa á.